Ajá tí a fẹ́ kó darúgbó sí wa lọ́wọ́: ẹ wá fi ọgbọ́n yín kún un

Ìyá Kíkẹ́:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olólùfẹ́ ajá. Ọmọ ajá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé wa. Abo ni, ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, Kíkẹ́ ni àwọn ọmọ sọ ọ́. Ara rẹ̀ yá, ó ń jẹun, ó ń sáré kiri. Kì í ṣe bí a ṣe ń kọ́ ajá láti jókòó tàbí láti fọwọ́ lé ni mò ń wá o. Mo fẹ́ kó dàgbà, kó gbó sí wa lọ́wọ́ ni. Ẹ̀yin tí ajá yín ti pẹ́ lọ́wọ́ yín, kí ni ẹ ń ṣe? Kí ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mójú tó, kí sì ni mo gbọ́dọ̀ sá fún? Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi.

Dókítà Ẹranko:

Ẹ kú oríire àlejò tuntun. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni kí ẹ gbájú mọ́, nítorí pé àsìkò tí Kíkẹ́ wà yìí gan-an ni ewu pọ̀ jù. Wàrà ìyá rẹ̀ tó mu lọ́jọ́ tí wọ́n bí i ló fún un ní ààbò tó ń lò báyìí. Ààbò yẹn ń dínkù díẹ̀díẹ̀, àmọ́ èyí tó kù lára rẹ̀ ṣì lè sọ abẹ́rẹ́ di aláìlágbára. Kò sì sẹ́ni tó lè fojú wo ọmọ ajá kó mọ ọjọ́ tí ti ìyá máa tán. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, tí a sì ń tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 síra wọn, títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó gún un lẹ́ẹ̀kan tó wá káwọ́ gbera ṣì ń fi ọmọ ajá náà sílẹ̀ fún àrùn. A óò tún un gún nígbà tó bá pé oṣù 6 tàbí ọdún kan. Lẹ́yìn ìyẹn, abẹ́rẹ́ distemper àti ti parvo, àrùn ajá méjì tó lè pa á, kì í sábà pọn dandan ju ọdún mẹ́ta-mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ti leptospirosis, tí ajá ń kó láti ara ìtọ̀ eku, ọdọọdún ni.

Parvo ni mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rù jù lọ. Ní 1978 ló tàn ká ayé, kò sì tíì lọ láti ìgbà náà. Ọmọ ajá tó bá kó o kò ní fẹ́ jẹun mọ́, á máa bì, á máa ya ìgbẹ́ gbuuru tó ní ẹ̀jẹ̀, tó sì ń rùn gan-an. Láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta ó lè ti kú. Kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọṣẹ lásán kì í sì í pa á. Bíliìṣì ìwọ̀n kan nínú omi ìwọ̀n 30 ló ń pa á, tí ẹ bá ti kọ́kọ́ fọ ilẹ̀ náà mọ́, tí ẹ sì jẹ́ kí omi yẹn wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ṣé ajá kankan ti ṣàìsàn tàbí kú nínú ilé yẹn kí Kíkẹ́ tó dé?

Ìyá Kíkẹ́:

Rárá o, òun ni ajá àkọ́kọ́ tí a máa ní. Àmọ́ Dókítà, ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé kó má fẹsẹ̀ tẹ ìta títí di ọ̀sẹ̀ 16?

Dókítà Ẹranko:

Kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Láti bí ọ̀sẹ̀ 3 sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14 ni ọkàn ọmọ ajá máa ń ṣí sílẹ̀ fún ohun tuntun. Ohun tí kò bá rí lásìkò yẹn, ó lè máa bẹ̀rù rẹ̀ títí ayé. Ajá tó ń bẹ̀rù ló ń já okùn sá sójú títì, òun ló ń bu àlejò jẹ, òun sì ni àwọn olówó rẹ̀ ń lé dànù. Nítorí náà, ẹ gbé e lọ́wọ́ jáde. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ariwo mọ́tò, kó rí àgbàlagbà tó ń tẹ ọ̀pá, kó rí ọmọdé, kó rí agbòjò tó ń ṣí. Ajá tí ẹ mọ̀ pé ó ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé lè bá a ṣeré. Ibi tí ajá tí ẹ ò mọ̀ ti ń yàgbẹ́ ni kẹ́ ẹ má gbé e sílẹ̀ sí.

Alágbàtọ́:

Mo máa ń gba ajá tí wọ́n já sílẹ̀ sílé, mo ń tọ́jú wọn títí wọ́n á fi rí ilé tuntun. Dókítà kò tíì mẹ́nu ba dìgbòlugi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, torí ó kan èmi àti ẹ̀yin bó ṣe kan Kíkẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé tí dìgbòlugi bá ran èèyàn, ìgbà 99 nínú ọgọ́rùn-ún ó jẹ́ pé láti ọ̀dọ̀ ajá ló ti wá. Tí àmì rẹ̀ bá ti jáde, lára ajá tàbí lára èèyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sẹ́ni tó ń yè é. Bẹ́ẹ̀, láti 1885 tí Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti gún ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan tí ajá bù jẹ ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti wà. September 28, ọjọ́ tí Pasteur kú, ni wọ́n fi ń ṣe Àyájọ́ Dìgbòlugi lágbàáyé. Ọ̀sẹ̀ 12 ni ọmọ ajá sábà máa ń gba tirẹ̀, wọ́n á tún un gún lẹ́yìn ọdún kan. Ẹ tọ́jú ìwé rẹ̀ síbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o.

Tí ajá tí ẹ ò mọ̀ bá bu ọmọ yín jẹ, kódà kó jẹ́ pé eyín kàn ha á lásán, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kẹ́ ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ má dúró wò ó bóyá á jiná. Tó bá jẹ́ Kíkẹ́ ni wọ́n bù jẹ, ẹ fọ tirẹ̀ náà, kẹ́ ẹ pe dókítà kíákíá, ì báà jẹ́ pé ó ti gba abẹ́rẹ́.

Àgbà Ajá:

Gbogbo ohun tí wọ́n sọ yìí ló dáa. Ajá tèmi ti di arúgbó pátápátá, irun ẹnu rẹ̀ ti funfun, ó sì ń bá mi rìn láràárọ̀. Ohun tí mo ń sọ fún ẹni tó bá bi mí ni pé kó má jẹ́ kí ajá rẹ̀ sanra. Àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà mú ọmọ ajá Labrador 48, wọ́n pín àwọn ọmọ ìyá kan náà ní méjì-méjì. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tí ìkíní ń jẹ ni wọ́n ń fún ìkejì, títí ọjọ́ ayé wọn. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2002, àárín ọjọ́ orí àwọn tí oúnjẹ wọn mọ níwọ̀n jẹ́ ọdún 13. Ti àwọn yòókù jẹ́ ọdún 11 lé díẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì gbáko, oúnjẹ nìkan ló fà á. Oríkèé ríro náà sì pẹ́ kó tó dé bá àwọn tó pẹ́lẹ́ńgẹ́. N kò mọ oògùn kankan tó lè fún ajá ní ọdún méjì bẹ́ẹ̀.

Ìyá Kíkẹ́:

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti ń sanra jù? Gbogbo ọmọ ajá ni ikùn wọn máa ń rí róbótó.

Àgbà Ajá:

Ẹ má fojú nìkan wò ó, irun ń tan èèyàn. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi wò ó. Ẹ na àtẹ́lẹwọ́ yín sílẹ̀, kí ẹ fi ìka ọwọ́ kejì rọra tẹ ẹ̀yìn ọwọ́ náà lórí eegun ìka. Bí ẹ ṣe ń mọ eegun yẹn lábẹ́ awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó yẹ kí ẹ máa mọ egungun ìhà ajá tí ẹ bá fọwọ́ ra á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá jẹ́ pé bí inú àtẹ́lẹwọ́ ló ṣe rí, tí ẹ ní láti tẹ̀ ẹ́ wọlé kẹ́ ẹ tó kan eegun, ó ti sanra jù. Tí egungun bá yọ gánńgán bí ìgbà tí ẹ di ẹ̀ṣẹ́, kò jẹun tó, tàbí kí nǹkan máa ṣe é. Tí ẹ bá dúró wò ó látòkè, ó yẹ kí ìbàdí rẹ̀ súnkì díẹ̀ lẹ́yìn ìhà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń fọwọ́ ra tèmi bẹ́ẹ̀. Róbótó tí ẹ sọ yẹn, tí ara yòókù bá gbẹ tí ikùn nìkan yọ síta, aràn ló sábà máa ń jẹ́.

Ẹ máa wọn oúnjẹ rẹ̀, ẹ má máa bù ú láìwọ̀n. Ọmọ ajá á jẹ ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, tó bá dàgbà, ẹ̀ẹ̀mejì ti tó. Àwọn ohun pẹ́pẹ̀pẹ́ tí ẹ ń jù sí i lẹ́nu kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ rẹ̀ lọ, ẹ sọ fún àwọn ọmọ náà, torí wọn ni wọ́n ń bà á jẹ́ jù.

Dókítà Ẹranko:

Òótọ́ ọ̀rọ̀. Kí n fi kan kún un: tí Kíkẹ́ bá jẹ́ irú tó máa tóbi gan-an, ẹ má fi kálísíọ́ọ̀mù kún oúnjẹ rẹ̀ nítorí pé ẹ fẹ́ kí eegun rẹ̀ le. Àpọ̀jù rẹ̀ ló ń wọ́ eegun àwọn ọmọ ajá ńlá. Oúnjẹ tí wọ́n ṣe fún ọmọ ajá tó máa tóbi ti tó o.

Ní ti aràn, ọ̀pọ̀ ọmọ ajá ló ti kó o láti inú ìyá wọn, àwọn mìíràn sì ń bá wàrà mu ún. Ìyẹn ni a fi ń fún wọn lóògùn aràn láti ọ̀sẹ̀ 2, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, títí wọ́n á fi já lẹ́nu ọmú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fún yín ní Kíkẹ́ bóyá ó ti lo ti tirẹ̀. Ẹyin aràn yìí ń ran ọmọdé tó bá fọwọ́ kan ilẹ̀ tó sì fi sẹ́nu, ó sì lè ba ojú wọn jẹ́. Ẹ máa kó ìgbẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, kí àwọn ọmọ máa fọwọ́.

Olùtọ́jú Ilé:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú ilé, torí ibẹ̀ ni ọmọ ajá ti ń rí ikú he. Ṣokoléètì, pàápàá èyí tó dúdú tó korò. Àlùbọ́sà àti áyù, tútù tàbí sísè, wọ́n ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa inú ara ajá. Èso àjàrà, ì báà jẹ́ tútù tàbí gbígbẹ, ó ń pa kíndìnrín. Ajá kan lè jẹ ìwọ̀nba kó má ṣe é ní nǹkan kan, kí òmíràn jẹ díẹ̀ kó sì kú, nítorí náà ẹ má dán an wò rárá. Èyí tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni xylitol, ohun adùn tí wọ́n ń fi rọ́pò ṣúgà nínú ṣuwíngọ́ọ̀mù àti àwọn ohun dídùn tí wọ́n ní kò ní ṣúgà nínú. Láàárín wákàtí kan, ó lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá já wálẹ̀ tí á fi dákú, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Wọ́n ti ń fi sínú àwọn bọ́tà ẹ̀pà kan pẹ̀lú, ẹ ka ara ike rẹ̀ kí ẹ tó fún un.

Oògùn èèyàn ńkọ́? Paracetamol àti ibuprofen ń pa ajá. Tí ẹsẹ̀ bá ń ro ó, dókítà ní oògùn tirẹ̀.

Oògùn eku tún burú ju bí ojú ṣe ń rí i lọ, torí ajá tó jẹ ẹ́ lónìí á ṣì máa ṣeré lọ́la. Irú tí wọ́n ń lò jù kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́, ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ló máa gbà kí ẹ tó rí i tó ń rẹ̀ ẹ́, tí èrìgì rẹ̀ funfun, tí ó ń wúkọ́ tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Tí ẹ bá rí i lójú ẹsẹ̀ tó jẹ ẹ́, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Fítámì K1 wà fún un, ó sì ń ṣiṣẹ́, bí ẹ ò bá dúró de àmì.

Ọ̀rẹ́ Ẹ̀ṣọ́:

Ní ti májèlé, mo gbọ́ pé kí wọ́n da òróró tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu kó lè bì í. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Dókítà Ẹranko:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Òróró tí ẹ bá fipá dà sí i lẹ́nu lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró, kó sì pa á kíákíá ju májèlé lọ. Mílíìkì kì í pa májèlé. Omi iyọ̀ náà ń pa ajá. Tó bá jẹ́ epo bẹntiróòlù, kẹrosíìnì tàbí ásíìdì ló mu, ẹ má ṣe jẹ́ kó bì rárá, torí bó ṣe ń jóni wọlé náà ló máa jóni jáde. Ẹ gbé ike tàbí páálí ohun tó jẹ dání, kẹ́ ẹ ṣírò bó ṣe pọ̀ tó àti ìgbà tó jẹ ẹ́, kí ẹ pe dókítà, kẹ́ ẹ sì máa bọ̀. Nọ́ńbà dókítà tó ń ṣiṣẹ́ lóru gbọ́dọ̀ wà lórí fóònù yín kí wàhálà tó dé.

Ọ̀rẹ́ Ẹ̀ṣọ́:

Ẹ ṣé o. Èmi ní tèmi, eégbọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo máa ń fi áyù díẹ̀ sínú oúnjẹ Ẹ̀ṣọ́, ajá mi, wọ́n ní ó ń lé eégbọn.

Dókítà Ẹranko:

Kì í lé e, bẹ́ẹ̀ ni Olùtọ́jú Ilé ti sọ ohun tí áyù ń ṣe fún ẹ̀jẹ̀ ajá. Ẹ dá a dúró lónìí. Oògùn eégbọn tó dára wà, èyí tí a ń kán sí ọrùn, èyí tó ń jẹ, àti bẹ́líìtì ọrùn. Ìwọ̀n ara rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi rà á. Tí ológbò bá wà nílé, ẹ ṣọ́ra fún oògùn ajá tó ní permethrin, torí ó ń pa ológbò.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ eégbọn ni pé ó ń gbé àrùn bíi babesia àti ehrlichia wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ibà á mú ajá, èrìgì rẹ̀ á funfun, ìtọ̀ rẹ̀ lè pupa bí ẹ̀jẹ̀. Eégbọn pupa tó fẹ́ràn ajá kì í gbé inú koríko nìkan, ó ń gbé inú ibi tó sán lára ògiri, ó sì ń yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin síbẹ̀. Tí ẹ bá tọ́jú ajá tí ẹ ò tọ́jú ibi tó ń sùn, ó máa padà wá.

Alágbàtọ́:

Bí a ṣe ń yọ ọ́ náà ṣe pàtàkì. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́ tó bá ti ìta dé: inú etí, abẹ́ ọrùn, abíyá, láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, abẹ́ ìrù. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un níbi tí orí rẹ̀ ti wọ awọ gan-an, kì í ṣe níbi ikùn tó wú, kẹ́ ẹ fà á jáde tààrà, díẹ̀díẹ̀, láìlọ́ ọ. Ẹ má fi iná sí i, ẹ má ta kẹrosíìnì sí i. Ìnira yẹn lè mú kó pọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ ajá.

Ẹ̀fọn náà ń fún ajá ní aràn, aràn ọkàn. Ẹ̀fọn kan tó gún ajá tó ní in á gún òmíràn, ní bí oṣù 6 aràn náà á ti gùn, á sì máa gbé inú ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró fún ọdún 5 sí 7. Oògùn oṣooṣù tó ń dènà rẹ̀ rọrùn, ìtọ́jú rẹ̀ tó bá ti wọlé le gan-an. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ajá tó ti dàgbà wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn náà. Ẹ má sì ra ivermectin, oògùn aràn kan, èyí tí wọ́n ṣe fún màlúù, kí ẹ máa fọwọ́ díwọ̀n rẹ̀ fún ajá. Ajá irú Collie pọ̀ tí ẹ̀yà ara wọn kì í dí ojú ọ̀nà ọpọlọ mọ́ oògùn yẹn, ó sì ń pa wọ́n.

Arìn Láàárọ̀:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìta. Okùn! Ajá tó gbọ́ràn jù lọ láyé, tí ológbò bá sáré kọjá, á gbàgbé orúkọ rẹ̀. Mọ́tò kì í sì í dúró. Ẹ so okùn mọ́ ọn lọ́rùn tàbí láyà títí ẹ fi wọ inú ọgbà. Kí géètì máa ní ìdè tí ọmọdé ò lè ṣí sílẹ̀. Kí nọ́ńbà fóònù yín wà lára bẹ́líìtì ọrùn rẹ̀. Tí ẹ bá lè fi máíkírọ́ṣíìpù, ẹ̀rọ bíńtín tó ń gbé nọ́ńbà ìdánimọ̀, sí i lábẹ́ awọ, ẹ ṣe é, nọ́ńbà náà jẹ́ oníye 15, tí ẹ bá ti yí fóònù padà, ẹ lọ tún un kọ síbi tí wọ́n fi orúkọ yín sí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ asán ni.

Ooru ni èkejì. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ni ibi tí òógùn kékeré wà, bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń gbé ooru jáde. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò, kódà tí ẹ bá ṣí fèrèsé díẹ̀, kódà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Níta tó wà ní 21°C, inú mọ́tò lè dé 32°C ní ìṣẹ́jú 10. Ajá tí imú rẹ̀ pẹlẹbẹ ló burú jù fún, torí mímí gan-an nira fún wọn. Kí ẹ tó jáde, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín lé ọ̀nà náà fún bí ìṣẹ́jú àáyá 7. Tí ẹ ò bá lè fara dà á, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ náà ò lè fara dà á.

Dókítà Ẹranko:

Ara ajá sábà máa ń wà láàárín 38.3 sí 39.2°C. Tó bá ti kọjá 41, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Ẹ gbé e síbòòji, ẹ da omi tútù (kì í ṣe yìnyín) sí gbogbo ara rẹ̀, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kẹ́ ẹ máa gbé e bọ̀ láìdúró. Ajá tó dà bí ẹni pé ara rẹ̀ ti balẹ̀ náà gbọ́dọ̀ rí dókítà, torí kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ìyá Kíkẹ́:

Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kí ni ẹ rí sí yíyọ ilé ọmọ? Àwọn kan ní kí n jẹ́ kó bímọ lẹ́ẹ̀kan ná kí ara rẹ̀ lè le.

Alágbàtọ́:

Bíbí kì í mú ara ajá le. Mo ti rí abo púpọ̀ tí ilé ọmọ wọn kún fún ọyún. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìgbà tó wá akọ ló máa ń ṣẹlẹ̀, á máa mu omi púpọ̀, á máa bì, ikùn rẹ̀ á wú, ohun tó ń rùn lè máa jáde lábẹ́ rẹ̀, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní jáde. Tí ẹ ò bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ, á kú. Èmi ní tèmi, kí wọ́n yọ ọ́ kíákíá, kó tó wá akọ rárá.

Dókítà Ẹranko:

Ní ti ọyún ilé ọmọ, mo bá yín sọ ọ́. Kí wọ́n yọ ọ́ kí ó tó wá akọ nígbà àkọ́kọ́ sì ń dín ewu jẹjẹrẹ ọmú kù gidigidi. Ṣùgbọ́n "kíákíá" yẹn, ẹ jẹ́ ká fi ìwọ̀n sí i. Fún ajá kékeré, kò sí wàhálà púpọ̀. Àwọn irú ajá ńlá kan, tí wọ́n bá tètè yọ ọ́ kí eegun wọn tó dàgbà tán, oríkèé wọn máa ń bàjẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ. Irú ajá tí Kíkẹ́ jẹ́ ni kí ẹ fi bá dókítà yín jókòó.

Olùtọ́jú Ilé:

Eyín ńkọ́? Gbogbo wa ń gbàgbé rẹ̀. Eyín ajá àgbà 42 ni, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kan án láti ìsinsìnyí, ọṣẹ ìfọyín ti ajá ni kẹ́ ẹ lò, ti èèyàn lè ní xylitol nínú. Egungun tí a ti sè ẹ má fún un, ó ń fọ́ wẹ́wẹ́, ó sì ń gún ìfun.

Àgbà Ajá:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀rẹ́. Ẹ kọ́ ohun tó jẹ́ tirẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ yá, kí ẹ lè mọ̀ tí nǹkan bá yí padà. Lálaalẹ́ tí ajá mi bá sùn, mo máa ń ka bí àyà rẹ̀ ṣe ń gòkè. Tí kò bá ju 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ọkàn mi balẹ̀. Mo ń gbé ètè rẹ̀ sókè, mo ń fi ìka tẹ èrìgì rẹ̀, á funfun, mo máa ju ìka sílẹ̀, kó tó ìṣẹ́jú àáyá méjì ó ti padà pọ́n. Tó bá funfun ráú, tó bá pupa gan-an, tàbí tó bá rí bí aró, n kò ní dúró dọ̀la. Tí ajá tó ní àyà jíjìn bá ń gbìyànjú láti bì tí nǹkan kan ò jáde, tí ikùn rẹ̀ wú, kò sí àkókò láti béèrè lórí fóònù: ikùn rẹ̀ ti lọ́ pọ̀, iṣẹ́ abẹ ni.

Ìyá Kíkẹ́:

Ẹ ṣeun lọ́pọ̀lọpọ̀, ọ̀la òde yìí ni a ń lọ fún abẹ́rẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ka ọ̀rọ̀ yín ní kí n bi yín: ajá tirẹ̀ tó ti gbó ń mu omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sínú ilé. Ó ní bóyá ọjọ́ ogbó ni, ṣé kó máa gbé omi kúrò níwájú rẹ̀ lálẹ́?

Dókítà Ẹranko:

Kó má gbé e kúrò rárá. Ohun tó ń mú kó tọ̀ ló ń mú òùngbẹ wá, tí kò bá sì mu ún, á gbẹ. Kó wọn omi tó bù sí i láàárọ̀, kó sì wọn èyí tó kù ní ọjọ́ kejì lákòókò kan náà. Tó bá ju mílílítà 100 lọ fún kílò kan ara rẹ̀ lójúmọ́, ó ti pọ̀ jù. Kíndìnrín, àtọ̀gbẹ, àti ẹ̀yà ara kékeré tó wà lórí kíndìnrín ni a máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, tó bá sì jẹ́ abo tó ṣì ní ilé ọmọ, ẹ wo ohun tí Alágbàtọ́ kọ sókè. Àtọ̀gbẹ ṣeé tọ́jú, ti kíndìnrín náà, tí a bá tètè rí i, oúnjẹ àti oògùn lè fún un ní ọjọ́ púpọ̀ sí i. Kó gba ìtọ̀ àárọ̀ rẹ̀ sínú ike mímọ́, kó gbé e wá láàárín wákàtí mélòó kan, kó sì kọ iye omi tó mu lọ́jọ́ mẹ́ta sílẹ̀ fún mi.